Oúnjẹ Ilé-iṣẹ́ Ẹ̀rọ àti Ìbéèrè Halal

  

  

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjẹjù nígbà ìṣínu. Ìyẹn náà wà ńlẹ̀, a ó dé orí rẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn. Oúnjẹ tí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe ní ilé-iṣẹ́ ńlá, tí wọ́n rọ sínú ọ̀rá àti agolo, ni a ní lọ́kàn.

Láyé àwọn bàbá wa, bí Mùsùlùmí bá fẹ́ mọ̀ bóyá halal ni ohun tí wọ́n gbé síwájú òun, ìbéèrè rẹ̀ kì í ju méjì mẹ́ta lọ. Ta ló pa ẹran yìí? Ṣé ó dárúkọ Ọlọ́hun sí i? Oko ta ni wọ́n ti wa iṣu yìí? Ẹni tí yóò dáhùn kò jìnnà: alápatà wà lọ́jà, ẹlẹ́kọ wà lójúde. Lóde òní ńkọ́? Ohun tí à ń bù sínú ọbẹ̀ ti gba ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn tí a kò rí rí kọjá, nínú ilé-iṣẹ́ tí wọn kò ní jẹ́ kí á wọ̀. A kò sọ pé ìmọ̀ ẹ̀rọ burú o. Ìmọ̀ ni, Ọlọ́hun ló sì fi mọ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Ohun tí à ń wí ni pé ìbéèrè halal ti kúrò nínú ìkòkò, ó ti lọ sí ibi tí ojú wa kò tó.

Bẹ́ẹ̀ àṣẹ Ọlọ́hun kò yí padà. Nínú Suratul Baqarah, ẹsẹ 168, Ọlọ́hun pa gbogbo ọmọ ènìyàn láṣẹ pé kí wọ́n máa jẹ ohun tí ó jẹ́ halal tí ó sì dára nínú ohun tí ó wà lórí ilẹ̀. Nínú àdísì tí Nu'man ọmọ Bashir gbà wá, èyí tí Bukhari àti Muslim jọ kọ sílẹ̀, Ànábì (SAW) fi yé wa pé halal hàn kedere, haram náà hàn kedere, ṣùgbọ́n àwọn nǹkan kan wà láàárín méjèèjì tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Àárín yẹn gan-an ni ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ti fẹ̀ lójú.

Ẹ jẹ́ kí á mú ohun kan ṣoṣo, kí ọ̀rọ̀ má baà fọ́n ká. Ẹ mọ ohun funfun wínníwínní bí iyọ̀ yẹn, tí àwọn ìyá wa ń pè ní Ajinomoto. Ọ̀mọ̀wé ará Jàpáànì kan, Kikunae Ikeda, olùkọ́ ní yunifásítì ní Tokyo, ló ṣe àwárí rẹ̀ ní 1908. Ó wo omi ọbẹ̀ tí àwọn ará ilé rẹ̀ ń fi ewéko inú òkun sè, ó ní adùn yìí kì í ṣe ti iyọ̀, kì í ṣe ti ṣúgà, kí ni ó wà nídìí rẹ̀? Ó sè é, ó sẹ́ ẹ, ó rí ohun tí wọ́n ń pè ní glutamate. Ní 1909 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á. Ẹni tí ó bá ti jẹ ọbẹ̀ tí wọ́n fi irú gidi sí mọ adùn tí ọ̀mọ̀wé náà ń wá, nítorí glutamate wà nínú irú náà. Àwọn ìyá wa kò dárúkọ rẹ̀ ni.

Níbẹ̀rẹ̀, ara àlìkámà ni wọ́n ti ń yọ ọ́, wọn a máa fi kẹ́míkà líle sè é. Iṣẹ́ ńlá ni, owó rẹ̀ sì pọ̀. Nígbà tí ó di 1956, àwọn ọ̀mọ̀wé Jàpáànì rí kòkòrò tíntìntín kan tí ojú lásán kò lè rí, tí ó jẹ́ pé bí a bá fún un ní ohun dídùn jẹ, glutamate ni yóò máa tú jáde. Àṣé ọ̀nà ti là! Láti ìgbà náà, omi dúdú tí ó máa ń ṣẹ́kù lára ìrèké lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ ṣúgà ni wọ́n ń rọ sínú táńkì ńlá, wọn á ju kòkòrò náà sí i, wọn á fún un ní afẹ́fẹ́ àti ooru tí ó bá a lára mu, lẹ́yìn náà wọn á yọ glutamate, wọn á fọ̀ ọ́, wọn á gbẹ ẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ó ṣe yín bí idán. Nígbà tí ìyá onírú bá sè igbá tán, tí ó bò ó mọ́lẹ̀ ní ọjọ́ méjì mẹ́ta, kòkòrò tí ojú kò rí ló ń bá a ṣiṣẹ́. Ògì tí à ń rẹ, òun náà nìyẹn.

Níbo wá ni haram gbà wọlé? Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Ní orílẹ̀-èdè Indonéṣíà, níbi tí Mùsùlùmí pọ̀ sí ju orílẹ̀-èdè yòówù lọ láyé, ilé-iṣẹ́ Ajinomoto ní ibùdó kan níbẹ̀. Àwọn aáfà àgbà wọn, ìyẹn ìgbìmọ̀ Majelis Ulama Indonesia, ti fún un ní ìwé-ẹ̀rí halal tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 2000, nígbà tí àkókò tó láti tún ìwé náà ṣe, wọ́n rí i pé ohun kan ti yí padà. Ẹ rántí kòkòrò tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Kí wọ́n tó ju ú sínú táńkì, wọ́n ní láti tọ́jú irú-ọmọ rẹ̀ sínú ìgò nínú láàbù, kí wọ́n máa fún un ní oúnjẹ kí ó má baà kú. Oúnjẹ kòkòrò náà ni wọ́n pààrọ̀. Èyí tí wọ́n wá ń lò, ẹ̀wà sóyà ni wọ́n fi ṣe é. Ẹ ó ní, kí ló kan ẹlẹ́dẹ̀ nínú ẹ̀wà sóyà? Ẹ̀wà náà, kí ó tó dẹ̀ débi tí kòkòrò fi lè jẹ ẹ́, ẹ́ńsáìmù ni wọ́n fi gé e sí wẹ́wẹ́, ara ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n sì ti mú ẹ́ńsáìmù náà.

Ẹ ò rí i? Ẹlẹ́dẹ̀ fún wọn ní ẹ́ńsáìmù, ẹ́ńsáìmù gé ẹ̀wà, ẹ̀wà bọ́ kòkòrò, kòkòrò wọ omi ìrèké, ibẹ̀ ni ohun funfun ti jáde. Bí ẹ bá fi ẹ̀rọ wá a nínú ohun tí ó wà nínú ọ̀rá, ẹ ò lè rí ẹlẹ́dẹ̀ níbẹ̀. Ọbẹ̀ wo ni ìyá àgbà kan ìbá tọ́ wò tí yóò fi mọ̀?

Ìgbìmọ̀ aáfà kéde pé haram ni. Ní oṣù January 2001 ọ̀rọ̀ náà di ariwo: wọ́n kó ọjà náà kúrò lórí àtẹ, àwọn ọlọ́pàá mú díẹ̀ nínú àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà. Ààrẹ wọn nígbà náà, Abdurrahman Wahid, wá sọ pé òun kò rí ohun tí ó burú nínú jíjẹ rẹ̀, nítorí àyẹ̀wò fi hàn pé kò sí ẹlẹ́dẹ̀ nínú ohun tí à ń jẹ. Ẹni tí ó sọ èyí kì í ṣe aláìmọ̀kan o. Aáfà ọmọ aáfà ni, ó ti kàwé ní Al-Azhar ní Íjíbítì àti ní Baghdad, ó sì ti ṣe olórí ẹgbẹ́ Nahdlatul Ulama fún ọdún 15. Àwọn aáfà ìgbìmọ̀ ní kì í ṣe bóyá ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú rẹ̀ ni àwọn ń wò. Pé wọ́n lo ẹlẹ́dẹ̀ láti fi ṣe é ni àwọn ń wò.

Ta ló tọ̀nà? Àwa tí a kàwé nílẹ̀ yìí, madhab Imam Malik ni wọ́n fi tọ́ wa, a sì mọ̀ pé ohun tí ó bá yí padà pátápátá, ìdájọ́ rẹ̀ lè yí padà. Ọtí tí ó bá fúnra rẹ̀ kan títí tí ó fi di ọtí kíkan tí wọ́n fi ń se oúnjẹ, gbogbo àwọn onímọ̀ gbà pé ó ti mọ́, Ànábì (SAW) sì yin irú ohun èlò ọbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tùràrí al-misk tí à ń fi sára lọ sí Jímọ̀, ara ẹran ìgbẹ́ ló ti wá, ẹ̀jẹ̀ sì ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ní ti Indonéṣíà, madhab Shafi'i ló gbilẹ̀ níbẹ̀, ọ̀nà tiwọn nínú ọ̀rọ̀ yìí sì há ju tiwa lọ. Nítorí náà, bí wọ́n bá bi wá nípa ọ̀rá tí ẹnìkan ti rà tí ó sì ti jẹ, a kò ní sọ pé ẹni náà jẹ ẹlẹ́dẹ̀. Kò jẹ ẹ́.

Ṣùgbọ́n a wà lẹ́yìn ìgbìmọ̀ aáfà lórí ohun kan. Ilé-iṣẹ́ náà tọrọ àforíjì, wọ́n fi oúnjẹ mìíràn tí kò ní ẹlẹ́dẹ̀ nínú rọ́pò ti àkọ́kọ́, nígbà tí ó sì di oṣù February 2001, ìgbìmọ̀ ti fọwọ́ sí ọjà tuntun. Ọ̀sẹ̀ mélòó nìyẹn? Ohun tí a lè mú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kí ló dé tí a ó fi fi í sílẹ̀ kí ó máa kọ ọkàn àwọn ẹlẹ́sìn lóminú? Bí kò bá sí ẹni tí ó bèèrè, wọn kò ní yí i.

Ẹ sì wo bí wọ́n ṣe di ẹni tí ó mọ ohun tí yóò bèèrè. Ní 1988, àhesọ gba Indonéṣíà kan pé ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú oúnjẹ báyìí àti báyìí. Ẹ̀rù ba àwọn èèyàn, ọjà ẹni tí ó jẹ̀bi àti ti ẹni tí kò jẹ̀bi wó lulẹ̀. Àwọn aáfà kò jókòó kí wọ́n máa fi wàásù dá kún àhesọ. Ní 1989 wọ́n dá ẹ̀ka kan sílẹ̀, wọ́n kó àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì oúnjẹ láti yunifásítì wá sínú rẹ̀. Aáfà mọ ìdájọ́, onísáyẹ́ǹsì mọ ohun tí ó wà nínú ìgò. Ẹnìkan ṣoṣo kì í sábà mọ méjèèjì, àwa tí à ń sọ̀rọ̀ yìí náà kò mọ̀ ọ́n tán. Ohun tí Suratun Nahl, ẹsẹ 43, fi kọ́ wa nìyẹn, pé kí á bi àwọn onímọ̀ léèrè bí a kò bá mọ̀.

Nílẹ̀ tiwa, àhesọ ni a gbọ́n jù. Ìwé pélébé kan yóò dé mọ́sálásí lẹ́yìn Jímọ̀, kò sí orúkọ ẹni tí ó kọ ọ́, yóò ní ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú bísíkíìtì yìí, ọtí wà nínú ohun mímu yẹn. Kí ó tó di ìrọ̀lẹ́ ó ti dé ìlú kejì. Bẹ́ẹ̀ Suratul Hujurat, ẹsẹ 6, ní kí á wádìí ìròyìn kí á má baà ṣe ẹlòmíràn níbi. Sísọ halal di haram kì í ṣe ìbẹ̀rù Ọlọ́hun, ẹ̀ṣẹ̀ ni òun náà.

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ mọ́ọ̀tì tí wọ́n máa ń bi wá lọ́dọọdún, pé ṣé a lè fi ṣínu. Wọ́n ní ilé-iṣẹ́ tí ó ń ṣe bíà ló ń ṣe é, ọkà kan náà ni. Òótọ́ ni. Àní nígbà tí ìjọba fòfin de ọkà bálì tí wọ́n ń kó wọlé, ní 1988, ọkà bàbà àti àgbàdo ilẹ̀ wa ni wọ́n fi ń ṣe méjèèjì nígbà náà. Wọn á rẹ ọkà kí ó hù, wọn á gbẹ ẹ́, wọn á lọ̀ ọ́, wọn á sè é, wọn á sẹ́ ẹ. Ibí ni ọ̀nà ti pín. Èyí tí yóò di bíà, wọn á fi ìwúkàrà sí i kí ó di ọtí. Èyí tí yóò di mọ́ọ̀tì, wọn kò ní jẹ́ kí ìwúkàrà ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, wọn á rọ ọ́ sínú ìgò, wọn á fi ooru pa ohun tí ì bá sọ ọ́ di ọtí. Wọ́n máa ń rẹ dàbínù sínú omi fún Ànábì (SAW), a sì máa mu ún títí di ọjọ́ kẹta, kí ó tó di ohun tí ń pa ni. Mọ́ọ̀tì bẹ́ẹ̀, ẹ mu ún. Ṣùgbọ́n bíà tí wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kí ó di ọtí, tí wọ́n wá fi ẹ̀rọ yọ ọtí inú rẹ̀, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ní àwọn ilẹ̀ kan, òfin gbà kí ó kù díẹ̀ nínú rẹ̀ tí ó sì tún ń jẹ́ aláìlọ́tí. Ẹ fi í sílẹ̀ fún àwọn tí ó ni ín.

Kì í sì í ṣe gbogbo ìmọ̀ ẹ̀rọ ló ń mú iyèméjì wá. Wàrà tí àwọn Fúlàní ń tà, ewé bomubómu ni wọ́n fi ń mú un dì. Kò sí ìbéèrè nínú ìyẹn. Wàrà òyìnbó, tí wọ́n ń pè ní ṣíìsì, láti ayébáyé, ẹ́ńsáìmù inú ikùn ọmọ màlúù ni wọ́n fi ń mú un dì. Ta ló pa ọmọ màlúù náà, báwo ló sì ṣe pa á? Ìyẹn ti dààmú Mùsùlùmí ìlú òyìnbó pẹ́. Ní 1990, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa lo ẹ́ńsáìmù náà láti ara kòkòrò tíntìntín tí wọ́n kọ́ láti máa ṣe é nínú táńkì, láìpa ẹran kankan. Ìmọ̀ tí ó mú ìbéèrè wá síhìn-ín, òun náà ló mú un kúrò lọ́hùn-ún.

Ohun tí ó kù ni ti ilé wa. Nọ́ńbà NAFDAC tí ẹ ń rí lára ọ̀rá dára, ẹ máa wò ó. Láti 1993 ni wọ́n ti dá àjọ náà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń sọ fún yín ni pé ìjọba mọ ọjà náà. Kò sọ ẹni tí ó pa ẹran tí wọ́n fi ṣe é. Ẹ yí ọ̀rá sẹ́yìn, kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Bí ẹ bá rí gelatin, ẹ mọ̀ pé awọ tàbí egungun ẹran ni, ti màlúù lè jẹ́, ti ẹlẹ́dẹ̀ lè jẹ́, ti ẹja lè jẹ́. Bí wọn kò bá sọ ti èwo, ẹ kọ̀wé sí wọn. Àdírẹ́sì wọn wà lára ọ̀rá náà. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà ní yunifásítì tí ẹ ń kọ́ ìmọ̀ oúnjẹ, ẹ má jókòó sẹ́yìn nínú mọ́sálásí. Ẹ wá bá àwọn aáfà yín, kí ẹ ka ohun tí ó wà lẹ́yìn ọ̀rá yẹn fún wọn, kí wọ́n lè mọ ohun tí wọ́n ń dá lẹ́jọ́.