Kí Ohùn Apohùn Má Baà Há Sínú Téèpù



Ọ̀rọ̀ mi lónìí dá lé téèpù fídíò kékeré tí à ń pè ní MiniDV, èyí tí ó jáde ní 1995. Irú téèpù yìí ni èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi fi gba ìjálá, ẹkún ìyàwó àti ẹ̀sà egúngún sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn apohùn náà ti fi ilẹ̀ bora bí aṣọ.

Ohun tí ó ń kọ mí lóminú ni pé ẹ̀rọ lè ṣáájú téèpù kú. Téèpù tí a tọ́jú síbi tí ó tutù tí ó sì gbẹ lè pẹ́. Ṣùgbọ́n a kò ṣe kámẹ́rà tí ń kà á mọ́. Bí èyí tí ó wà lọ́wọ́ bá sì bàjẹ́, àtitún un ṣe di ìṣòro. Ihò FireWire pàápàá kò sí lára kọ̀ǹpútà tuntun mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a mọ irú iṣẹ́ tí èyí jẹ́. Kámẹ́rà náà ti sọ àwòrán àti ohùn di òǹkà kí ó tó kọ wọ́n sórí téèpù. Wáyà FireWire yóò kó òǹkà náà wọ inú kọ̀ǹpútà gẹ́gẹ́ bí ó ti wà. Ẹni tí ó bá gba ojú wáyà tẹlifíṣọ̀n ń ṣe àtúngbà ni, àwòrán rẹ̀ kò sì ní í dán tó ti àkọ́kọ́. Iṣẹ́ yìí kò ní àbùjá: téèpù wákàtí kan yóò gba wákàtí kan, yóò sì gba ààyè bí gígábáìtì 13.

Nítorí èyí, àwọn kan a máa sọ pé kí a mú ewì nìkan, kí a fi ẹ̀rín àti ariwo sílẹ̀. N kò fara mọ́ èyí. Nínú ìjálá, ọdẹ mìíràn lè já lu apohùn, kí ó ní irọ́ ni ó pa; èsì tí apohùn bá fọ̀ jẹ́ ara iṣẹ́ náà. Bí a bá gé e kúrò, a ti sọ àríyànjiyàn di àdásọ. Odindi téèpù ni kí a kó.

Lẹ́yìn náà, kí a kọ orúkọ apohùn, ìlú rẹ̀ àti ọjọ́ ìgbàsílẹ̀ sí i, kí a pa ẹ̀dà méjì mọ́ sí ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí a má sì sọ téèpù nù.

Àwọn apohùn ti ṣe tiwọn. Ó ku tiwa. Ẹ jẹ́ kí a ṣe é nígbà tí ẹ̀rọ ṣì ń ṣiṣẹ́.