Ẹ̀rọ Kékeré Tí Ó Mọ Ipò Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ mítà iná mọ̀nàmọ́ná, èyí tí a ń sanwó rẹ̀ sílẹ̀ kí iná tó tàn, ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé mítà yìí a máa ronú bí ènìyàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi ìrántí rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ti fóònù ọwọ́ yín. Nítorí náà, àwọn tí ó ṣe é kò di ẹrù ìmọ̀ rẹpẹtẹ rù ú. Ipò díẹ̀ ni wọ́n fún un, wọ́n sì kọ ohun tí yóò ṣe ní ipò kọ̀ọ̀kan sí inú rẹ̀.

Ẹ wo aṣọ́nà. A kì í ka ìtàn gbogbo ìlú fún un. Ohun méjì ni ó ní láti mọ̀: ṣé ilẹ̀kùn ṣí tàbí ó tì, àti ta ni ó dé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mítà. Ní ipò “owó wà”, iná ń tàn. Bí owó bá tán, ó bọ́ sí ipò “owó tán”, ó sì pa iná. Nọ́ńbà 20 tuntun ni yóò dá a padà. Bí ẹnikẹ́ni bá tú ìdérí rẹ̀, ọ̀pọ̀ mítà a bọ́ sí ipò “wọ́n ti tú mi”. Níbẹ̀, owó kò ràn án mọ́, àfi kí òṣìṣẹ́ iná dé.

Inú nọ́ńbà 20 náà ni a ń fi àkókò tí a rà á pamọ́ sí, kí mítà má baà gba nọ́ńbà kan lẹ́ẹ̀mejì. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1993 ni a ti ń ka àkókò yìí ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú, ṣùgbọ́n àyè rẹ̀ kò gbà ju 16,777,215 lọ. Ní ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá ọdún 2024, àyè náà kún. Ìdí nìyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ iná fi ní kí a kọ́kọ́ tẹ ìlà nọ́ńbà méjì. Bí ìkíní bá wọlé, mítà a máa retí ìkejì. Bí ìkejì bá wọlé, kọ́kọ́rọ́ inú rẹ̀ yí padà, kíkà sì di láti ọdún 2014. Èyí yóò gbé wa dé ọdún 2045. Ilé tí kò tẹ̀ wọ́n rí i pé nọ́ńbà tuntun kò wọlé mọ́, bí owó tilẹ̀ ti jáde lápò.

Nítorí náà, bí mítà bá kọ nọ́ńbà, ẹ má ṣe lù ú, ẹ má sì tú u. Ẹ wo ohun tí ó kọ sójú, kí ẹ mọ ipò tí ó wà, kí ẹ sì lọ sí ọ́fíìsì iná.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fẹ́ ṣe ẹ̀rọ tí ń pa ẹyin tàbí èyí tí ń fa omi, ẹ kọ́kọ́ kọ ipò rẹ̀ gbogbo sínú ìwé, àti ohun tí yóò mú un kúrò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ tí ipò rẹ̀ yé ẹni tí ó ṣe é kò nílò ọpọlọ ńlá.