Ìbẹ̀rù Àrùn Tí Kò Sí Lára
(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ Ore àti Odigbo sọ ní ìpàdé ọdọọdún)

Ìlera ni oògùn ọrọ̀.

Gbogbo yín ni ẹ mọ̀ pé oríta ni Ore jẹ́. Níbẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ tí ń ti Èkó lọ sí Bìní ti ń dúró kí èrò lè jẹun. Ìlú tí àlejò bá ń wọ̀ tọ̀sán-tòru, ìròyìn àrùn kì í wọ́n níbẹ̀. Láti ọdún 1986 tí a ti kéde àrùn éèdì ní Nàìjíríà, pàápàá láti ọdún 1997 tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti sọ fún aráyé pé àrùn náà ni ó pa Fẹlá àbúrò òun, ẹ̀rù rẹ̀ ti wọ̀ wá lára. Ẹ̀rù náà ṣe wá ní àǹfààní, nítorí ó kọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ìkóra-ẹni-níjàánu. Àṣejù rẹ̀ ni a fẹ́ sọ lónìí.

A mọ ọmọ wa kan tí ń ṣòwò pákó. Níbi àríyá kan, ó bá obìnrin àlejò kan jó, wọ́n jọ mu ohun mímu nínú ife kan, wọ́n sì túká. Kò sí ohun mìíràn láàárín wọn. Nígbà tí ó yá, òtútù mú un, ọkàn rẹ̀ sì sọ fún un pé ó ti kó éèdì. Ó ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní Ore, wọn kò rí nǹkan kan. Ó lọ sí Okitipupa, ó lọ sí Oǹdó, ó dé Àkúrẹ́: ẹ̀ẹ̀meje láàárín ọdún kan, èsì kan náà ni. Ó ta alùpùpù rẹ̀. Kò gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ra mọ́, ẹní ọ̀tọ̀ ni ó sì ń sùn sí ní iyàrá aya rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí ó yé wa yékéyéké. Kòkòrò éèdì ń ràn nípa ìbálòpọ̀ láìlo ààbò, nípa ẹ̀jẹ̀ àti abẹ́rẹ́ tí ó ní kòkòrò, àti láti ara ìyá sí ọmọ. Kì í ràn nípa ife, òógùn, ìdìmọ́ra, ṣalángá tàbí ẹ̀fọn. Ẹni tí ohun tí ń rannì bá ṣẹlẹ̀ sí nítòótọ́, kí ó sáré dé ilé ìwòsàn kí wákàtí 72 tó pé, oògùn ìdènà wà níbẹ̀. Bí oṣù mẹ́ta bá sì ti kọjá, tí àyẹ̀wò sọ pé kò sí, kò sí náà ni.

Kí ni ó dé tí ọmọ wa kò fi gbà? Ìdí ni pé àyẹ̀wò kọ́ ni oògùn ìbẹ̀rù. Ó dà bí ara tí ń yúnni: bí a ti ń họ ọ́ ni ó ń yún sí i. Èsì á fún un ní ìsinmi ọjọ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà iyèméjì á tún padà. Àìsùn á mú kí ó rù, yóò sì rí rírù náà bí àmì éèdì. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí ni ó ń sá fún ekòló; ejò kò tilẹ̀ bu tirẹ̀ jẹ.

Àìsàn ni ìbẹ̀rù yìí, kì í ṣe ìtìjú, kì í sì í ṣe wèrè. Láti ọdún 1954 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adeoye Lambo ti fi hàn ní Aro, l'Abẹ́òkúta, pé àìsàn ọkàn ṣeé wò láàárín ará àti ọ̀rẹ́. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ fi àyẹ̀wò sílẹ̀, kí ó wá oníṣègùn kan ṣoṣo tí ó gbọ́n, kí ó sọ gbogbo inú rẹ̀ fún un. Ọ̀rọ̀ sísọ ń wò ó sàn, oògùn sì wà bí ó bá gba bẹ́ẹ̀.

Àwa náà ní ẹ̀bi. Bí a ti ń ta àwọn tí ó ní éèdì nù ni ẹ̀rù ṣe pọ̀ tó báyìí. Nínú ìwádìí ọdún 2018, nǹkan bí 14 nínú 1,000 ènìyàn tí ó wà láàárín ọdún 15 sí 49 ni ó ní kòkòrò náà ní Nàìjíríà. Ẹni tí ń lo oògùn rẹ̀ déédéé lè bímọ, kí ó sì pẹ́ láyé. Ẹ jẹ́ kí a dẹ́kun èébú, kí ẹni tí ẹ̀rù ń bà lè rí ẹni tí yóò bá sọ̀rọ̀.

Ọlọ́run yóò fún wa ní àlàáfíà ara àti ti ọkàn.