Irú Tábúlẹ́ẹ̀tì Tí A Ń Fẹ́ fún Àwọn Ọmọ Wa



Àwọn ọmọ wa tí ó wà ní òkè òkun béèrè irú tábúlẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú tí àwọn lè rà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé. A bi àwọn òbí àti olùkọ́ léèrè. Kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀ ẹwà. Iná ni gbogbo wọn kọ́kọ́ mẹ́nu bà: bí bátìrì kò bá lè bá ọmọ dé alẹ́, kí ni a ó fi ṣe? Lẹ́yìn náà, kí ìwé ti wà nínú rẹ̀ kí ó tó dé ọwọ́ ọmọ, nítorí àgbẹ̀ kò lówó dátà.

Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ti rí èyí ní ọdún 2013, nígbà tí Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá gbé Ọpọ́n Ìmọ̀ jáde fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sẹ́kọ́ńdìrì. Ìwé 56 ni wọ́n kó sínú rẹ̀, pẹ̀lú ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá. (Orúkọ náà dùn mọ́ wa nínú.) Aakash ti ilẹ̀ Índíà, tí ó jáde ní 2011, pọ̀ ní ẹ̀dínwó, ṣùgbọ́n àwọn tí ó lò ó ráhùn pé bátìrì rẹ̀ kì í pẹ́, ojú rẹ̀ kì í sì í tètè gbọ́ ọwọ́.

Nítorí náà, àwa fara mọ́ díẹ̀ tí ó lágbára, tí oníṣẹ́ ọwọ́ ní Kàbà lè tún ṣe, ju púpọ̀ tí kò ní dé ìparí ọdún. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi àlòkù tí bátìrì rẹ̀ ti kú ránṣẹ́ sí wa. Méjì irú rẹ̀ ṣì wà lórí àjà wa.