Kẹ̀kẹ́ Tí Ooru Omi Ń Yí

Lónìí a fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa kẹ̀kẹ́ irin tí ooru omi tàbí afẹ́fẹ́ ń yí. Túbíìnì ni wọ́n ń pè é.

Ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ yìí jìnnà sí wa. Ẹ̀yin náà mọ ilé iṣẹ́ ṣúgà tí Benin àti Nàìjíríà jọ dá sílẹ̀ ní Ṣábẹ níbí. Irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í da pàǹtí ìrèké nù. Bí wọ́n bá ti fún omi rẹ̀ tán, wọ́n á fi pàǹtí náà dáná sábẹ́ ìkòkò irin ńlá. Omi á hó. Ooru rẹ̀ á gba ihò tóóró jáde tagbáratagbára, á lu àwọn ewé irin tó yí etí kẹ̀kẹ́ ká, kẹ̀kẹ́ á sì máa yí. Ooru tó ń gbé ọmọrí ìkòkò yín sókè náà ni.

Báwo wá ni ẹni tó ń ṣe kẹ̀kẹ́ yìí ṣe ń mọ bó ṣe yẹ kó rí? Eré ló kọ́kọ́ ń wò. Bí ewé irin bá dúró gbọnin, ooru kàn ń lù ú lásán ni, kò síṣẹ́ níbẹ̀. Bó bá sì ń sáré tó ooru fúnra rẹ̀, ooru ò ní bá a, kò ní lè tì í. Ìdajì eré ooru ló dára jù.

Ẹ mú síléètì yín, ká ṣírò. Bí ooru bá ń sá mítà 600 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kí etí kẹ̀kẹ́ sá 300. Kẹ̀kẹ́ tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 1 yóò yí bí ìgbà 95 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Èyí tí ìbú rẹ̀ jẹ́ sàǹtímítà 10 péré ńkọ́? Bí ìgbà 955! Kékeré ló ń yára jù.

De Laval, ará Sweden, ṣe ọ̀kan láàárín ọdún 1880 sí 1890 tó ń yí ìgbà 30,000 ní ìṣẹ́jú kan. Ó jẹ́ kí àárín rẹ̀ nípọn, kí etí rẹ̀ fẹ́lẹ́, torí ohun tó bá ń yí fẹ́ fò ya. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára tó fẹ́ fà á ya á di ìlọ́po mẹ́rin. Parsons, ará Gẹ̀ẹ́sì, gba ọ̀nà mìíràn ní 1884: ó to kẹ̀kẹ́ púpọ̀ tẹ̀ lé ara wọn, kí ìkọ̀ọ̀kan gba díẹ̀ nínú agbára ooru, kí eré wálẹ̀.

Àbúrò mi ò mọ èyí. Ó gé agolo mílíìkì, ó fi ìṣó gún un láàárín, ó gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fẹ́ táyà. Wọ́n ṣí afẹ́fẹ́ sí i. Ó ń ké fíín, àwọn ọmọ ń pàtẹ́wọ́. Lójijì ó ya, ègé kan gé e lókè ojú. Díẹ̀ báyìí ló kù kó bá ẹyinjú! Ihò tó gún kò sí láàárín gan-an, kò sì sí irin tó bò ó.

Kí a tó yí irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀, a máa ń fi ọ̀pá àárín rẹ̀ lé ẹnu ọ̀bẹ méjì. Apá tó wúwo á yí wá sísàlẹ̀. Ibẹ̀ la ó fi fáìlì ha díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi dúró síbi tí a bá fi í sí. Ẹ̀yìn náà la ó fi irin tó nípọn bò ó.

Bí ẹ bá rí ọmọ yín tó ń gé agolo, ẹ bi í ohun tó fẹ́ fi ṣe. Bí kẹ̀kẹ́ ló fẹ́ ṣe, kó fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe é, kó gbé e sáré lójú afẹ́fẹ́ òkè wa.