Oògùn Inú Títa Kì í Wo Ọgbẹ́ Inú
(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní Papalanto)

Ọ̀rọ̀ owó ni ẹ mọ̀ mọ́ wa, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ara ni a bá wá lónìí. Ẹni tí ara rẹ̀ kò dá, báwo ni yóò ṣe dá owó?

Omi kíkan wà nínú ikùn wa tí ń lọ oúnjẹ. Bí ó bá ru gòkè, àyà a máa ta ẹni bí ata. Gestid tàbí oògùn olómi funfun tí a ń pè ní Mist Mag ni ọ̀pọ̀ yín ń rà ní kẹ́míìsì. Kò burú. Ó ń mú kíkan omi náà rọlẹ̀, ṣùgbọ́n fún wákàtí díẹ̀ ni.

Bí àpótí ẹgbẹ́ bá ń jò, tí akápò sì ń yá owó dí i, ìwé lè gún régé, owó ṣì ń jò. Ibi tí ó ti ń jò ni kí a wá.

Lọ́nà kìíní, ẹ wo oògùn ara ríro. Àwa Ẹ̀gbá mọ Alábùkún, tí olóògbé Jacob Odulate gbé jáde ní Abẹ́òkúta ní 1918. Asipirín wà nínú rẹ̀. Asipirín ń ṣiṣẹ́ fún ẹ̀fọ́rí, ṣùgbọ́n ó lè dá ọgbẹ́ sí inú ẹni tí ń lò ó lójoojúmọ́. Ẹni tí ó bá ń lò ó bẹ́ẹ̀, tí ó sì ń fi Mist Mag lé e, ọwọ́ kan ń dá iná, ọwọ́ kejì ń pa á.

Lọ́nà kejì, kòkòrò kan wà tí a ń pè ní Helicobacter pylori. Barry Marshall àti Robin Warren ní Australia ni wọ́n tú àṣírí rẹ̀ ní 1982. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel ní 2005. Oògùn tí dókítà bá kọ lè pa á, Mist Mag kò lè pa á.

Nítorí náà, bí inú bá ń ta yín ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò. Bí ìgbẹ́ bá dúdú bí ọ̀dà, tí ẹ ń bì ẹ̀jẹ̀, tàbí tí oúnjẹ ń há lọ́fun, ẹ má ṣe dúró di ọ̀la.

Owó àyẹ̀wò kò tó owó iṣẹ́ abẹ. Ẹ béèrè lọ́wọ́ akọ̀wé yín ohun tí òfin ẹgbẹ́ yín wí nípa owó yíyá fún ìtọ́jú àìsàn. Kì í ṣe ìtìjú.