Òkúta Orí Àpò Ẹ̀gẹ́

Ẹ̀yin ìyá wa tó ṣì wà nídìí iná, ẹ má dìde, ẹ kàn yí rédíò sókè díẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo yà kí màmá kan tó ń yan gàrí lẹ́yìn ìlú Kúta. Ẹ̀gẹ́ lílọ̀ ti wà nínú àpò, òkúta ńláńlá wà lórí rẹ̀, omi funfun ń kán tó, tó, tó sílẹ̀. Mo ní, "Màmá, ṣé èyí ò tíì tó yan ni?" Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, èyí tí mo dì lánàá? Bí mo bá yan án báyìí, á kàn di kókó nínú agbada ni. Jẹ́ kó kan ná. Jẹ́ kí omi rẹ̀ ó gbẹ."

Àpò yẹn ni mò ń rò títí mo fi délé. Àwa onígbàgbọ́ kì í fẹ́ dúró lábẹ́ òkúta. Ìsọjí ọjọ́ mẹ́ta, a fẹ́ kó sọ wá di àgbà nínú Olúwa ní ọjọ́ kẹrin. Mi ò bá ìsọjí jà o, ibẹ̀ ni èmi náà ti yí padà. Àmọ́ wòlíì tó bá ní òun á bá ọ gba ìdàgbàsókè lálẹ́ ọjọ́ kan, bi í léèrè bóyá ó ti yan gàrí rí.

Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, ní oṣù kìíní ọdọọdún ni mo máa ń pinnu láti ka Bíbélì tán. Jẹ́nẹ́sísì á dùn mọ́ mi, Ẹ́kísódù á gbé mi la òkun kọjá, àfi tí mo bá dé Léfítíkù, níbi ọ̀rọ̀ ẹ̀tẹ̀ àti ẹbọ ọ̀rá. Ibẹ̀ ni ìwé á ti padé. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀, mo sì ń pe ara mi ní alàgbà.

Ìtàn àwọn tó dúró lábẹ́ òkúta ò jìnnà sí wa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń lọ sí Ìwó mọ Yunifásítì Bowen, tí àwọn Onítẹ̀bọmi dá sílẹ̀ ní 2001. Thomas Jefferson Bowen, ajíhìnrere ará Amẹ́ríkà tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè é, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní 1850. Harvey Goodale tí wọ́n jọ gbéra ti kú sí Làìbéríà kí ọ̀nà tó jìn. Ogun dí ọ̀nà, Bowen há sí Abẹ́òkúta fún ohun tó lé lọ́dún kan, ó bá ń kọ́ èdè wa. Ó dé Ìjàyè, ó dé Ògbómọ̀ṣọ́, àìsàn sì dá a padà sí Amẹ́ríkà ní 1856. Ní 1862 ogun fọ́ Ìjàyè, ìjọ tó gbìn síbẹ̀ tú ká. Ogun abẹ́lé ń jà ní Amẹ́ríkà náà, kò sí owó tó ń bọ̀ mọ́. Ilé ìtọ́jú àwọn tí ọpọlọ wọn dàrú ni Bowen kú sí ní Georgia, ní 1875.

Ọdún 1875 yẹn náà ni ajíhìnrere Onítẹ̀bọmi W. J. David dé láti tún iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀. Kò bá eérú lásán. Sarah Harden, opó ajíhìnrere Joseph Harden, wà ní Èkó pẹ̀lú ìwọ̀nba èèyàn tí wọ́n jọ ń sin Ọlọ́run. Ọdún 1864 ni ọkọ rẹ̀ ti kú. Ẹ ka ọjọ́ ìsinmi tó wà láàárín 1864 sí 1875, ó ju 500 lọ. Ọjọ́ òjò wà níbẹ̀, ọjọ́ tí ara ò yá wà níbẹ̀, ọjọ́ tí ìjókòó ṣófo náà ò ní ṣàì sí. Obìnrin yìí ni mo máa ń rántí ju Bowen lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ Bowen ló wà lára géètì.

Arábìnrin kan bi mí pé, "Bùọ̀dá, àdúrà ti gbẹ lẹ́nu mi, ṣé Ọlọ́run ti kọ̀ mí ni?" Mo ní rárá o. Má fi bó ṣe ń ṣe ẹ́ wọn ìgbàgbọ́ rẹ. Mú àkókò kan, ì báà ṣe ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó o tó gbá àgbàlá, má jẹ́ kí nǹkan míì gbà á. Wá ẹnì kan tó lè bi ọ́ pé, "Ṣé o kàwé lónìí?" tí o ò ní lè parọ́ fún. Ọjọ́ tó o bá pa jẹ, má fi ọjọ́ kejì sanwó ẹ̀bi rẹ̀. Jókòó, kó o máa bá a lọ.

Lálẹ́ òní, ẹ bá mi ṣí Máàkù orí kẹrin, níbi tí Jésù ti sọ ti àgbẹ̀ tó gbin irúgbìn tó sì lọ sùn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, ẹsẹ̀ mẹ́rin péré ni. Bí oorun bá gbé yín lọ lójú ẹsẹ̀ kejì, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ lọ́la.